Òróró Bíìgì Mọ́mì àti Eruku Ojú Sánmà

Òróró ni ilé Bíìgì Mọ́mì máa ń rùn, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ilé ìdáná, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Maryland tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Temple Hills. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n, nọ́ọ̀sì sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n gba òróró àdúrà gbọ́ ju gbogbo oògùn tí wọ́n ń fún aláìsàn lọ́sibítù lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ra mọ́tò nínú ẹbí, wọ́n á fi òróró yà á sí mímọ́, láti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì dé orí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí fíríìjì bá ń pariwo, òróró. Ọjọ́ tí mo gba láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ mi, ojú mi tó wà nínú fọ́tò gan-an ni wọ́n kàn án sí, nígbà tí ọlọ́pàá sì dá mi dúró lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mejì ni káàdì náà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ọkàn mi. Mo ka kẹ́mísírì ní Ìbàdàn, mo sì rò pé ẹni tó ka kẹ́mísírì ti kọjá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ máa bá mi bọ̀.

Iṣẹ́ tí mo rí nígbà náà wà ní ilé àyẹ̀wò kékeré kan ní Greenbelt, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Kì í ṣe ilé ìwádìí ojú sánmà ńlá ti ìjọba tí gbogbo ayé mọ̀ ní Greenbelt yẹn o. Àwa kàn ń ṣa èérún tó bá bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì àwọn ẹni ńlá ni. Ọdún tí mo dé ibẹ̀ ni iṣẹ́ kan dé bá wa láti Japan. Àwọn ará Japan ti rán ọkọ̀ kan lọ sí gbalasa òfúrufú, kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀, róbọ́ọ̀tì pátápátá ni. Ó rin ìrìn ọdún gbọọrọ, ó lọ bá òkúta dúdú kan tó ń dá yí oòrùn ká, ó yìnbọn kékeré sí i lára, ó gba eruku tó sọ sókè, ó sì padà wá ju àpótí eruku náà sílẹ̀ sínú aginjù ní Australia. Òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n kí òun káàbọ̀, ó tún ti kọrí síbòmíràn. Ibi tó lọ jìnnà débi pé bí wọ́n bá sọ fún un pé kó yà sọ́tùn-ún, èèyàn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ se ìrẹsì jinná kó tó gbọ́, torí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń ronú ibi tó máa fẹsẹ̀ sí. Orí mi wú nígbà tí mo gbọ́. Àbúrò mi ọkùnrin rèé, tí mo bá rán an ní iyọ̀ ní òpópónà kejì, ṣúgà ló máa rà bọ̀.

Eruku náà ti wà kí ayé tó wà, wọ́n ní. Àwọn onímọ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá inú irú rẹ̀ ni àwọn ohun tí ìyè fi bẹ̀rẹ̀ ti wá, àwọn ará Japan sì gbà láti yá wa ní èérún díẹ̀, bíi gààrí tó jóná, kí a bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí yàrá tí wọ́n máa ti ṣí i mọ́. Mímọ́ tí mo ń wí yìí, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe mímọ́ ilé. Kò sí ìpara, kò sí lọ́fínńdà, kò sí àtíkè, kò sí irun àtọwọ́dá. Aṣọ funfun láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn. Láàárín yàrá náà, a tún to àwọn àwo pẹlẹbẹ kan tí à ń pè ní àwo ẹlẹ́rìí. Ohunkóhun tó bá bà lé wọn, bó ti wù kó kéré tó, ẹ̀rọ wa máa gbóòórùn rẹ̀, á sì sọ irú ohun tó jẹ́.

Nígbà tí mo sọ fún Bíìgì Mọ́mì nídìí oúnjẹ pé òkúta láti ojú sánmà ló ń bọ̀ níbi iṣẹ́ wa, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Òkúta wo? Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ń rìn kiri látọjọ́ tó ti wà?"

"Bíìgì Mọ́mì, òkúta lásán ni."

"Ta ló sọ fún ẹ pé òkúta lásán wà? Ohun tó bá ti ọ̀nà jíjìn wọlé ẹni, àdúrà la fi ń pàdé ẹ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n bu òróró sínú ìgò kékeré kan tí oògùn ojú wọn ti tán nínú rẹ̀, wọ́n sì tì í sí mi lọ́wọ́. Òróró yìí kì í ṣe ti sítóò o, wọ́n ní. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó máa ń lọ sí Jerúsálẹ́mù ló ń kó o bọ̀ láti ọ̀hún, òróró ólífì pọ́ńbélé. Kí n sáà kàn án díẹ̀ síbi tí wọ́n máa gbé òkúta náà sí. Ẹ̀rín ni mo fi gbà á. Ṣùgbọ́n mo gbà á.

Bàbá kan ni àwọn ará Japan fi eruku náà rán. Bàbá kúkúrú ni, irun wọn funfun báláú, wọ́n wà lára àwọn tó ṣe ìbọn kékeré tí ọkọ̀ náà yìn, wọ́n sì ní orí itan ni wọ́n gbé àpótí eruku náà lé láti ilé wọn títí dé Maryland. Nígbà tí wọ́n fi mí hàn wọ́n, bàbá tẹrí ba fún mi. Ẹ gbà mí o! Àgbàlagbà tẹrí ba fún èmi ọmọ àná, kí ni kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Bàbá rí i pé mo ti lọ sílẹ̀ ju àwọn lọ, wọ́n tún tẹ̀ sí i. Mo fi orúnkún kejì ti èkíní. Wọ́n tún tẹ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n forí kan orúnkún ara wọn. Ọ̀gá mi, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tí mo fi nǹkan bí ọdún méjì jù lọ, dúró láàárín wa, ó ń wo ilẹ̀. "Kí lẹ sọ nù?" ló bi wá, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè bá wa wá a.

Ọ̀la ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa gbé àpótí eruku náà, ní dídè bó ṣe wà, sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí a ti tọ́jú sílẹ̀ fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí bàbá dé, èmi nìkan ló wà nínú yàrá. Gbogbo nǹkan ń dán. Ìgò kékeré yẹn sì wà lápò ṣòkòtò mi lábẹ́ aṣọ funfun, mi ò lè sọ fún yín títí dòní bí mo ṣe mú un débẹ̀. Mo rò ó gẹ́gẹ́ bí onímọ̀: òróró ni òróró ń jẹ́, ìdọ̀tí ni. Mo tún wá rò ó gẹ́gẹ́ bí ọmọ Bíìgì Mọ́mì: bí ohun burúkú kan bá bá òkúta yìí wá lóòótọ́ ńkọ́, tó jẹ́ ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ máa kàn? Mo wá dá ara mi lóhùn pé ohun tí a bá ti yà sí mímọ́, kò lè jẹ́ ìdọ̀tí mọ́. Ẹ wo ọmọ yunifásítì! Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ òkè, mo kan òróró bí orí abẹ́rẹ́ sí ìkọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo ṣe àmín lábẹ́ ìbòmú, mo sì jáde bí ẹni pé mi ò ṣe nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ké gbàjarè. Ọ̀rá wà lórí àwo ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Ọpẹ́ ni pé àpótí eruku náà ṣì wà ní dídè. Bàbá ará Japan gbé ọwọ́ sókè, gbogbo iṣẹ́ dúró. Wọn kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn fi gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wọn ṣàlàyé pé ohun tí èèyàn bá mọ ibi tó ti wá, èèyàn lè nù ún kúrò, kó sì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ohun tí a kò mọ orísun rẹ̀, a kò lè bá a gbé inú yàrá kan náà pẹ̀lú eruku yìí. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì tí a kò tíì mọ̀ ọ́n, àwọn á gbé eruku àwọn padà sílé láìṣí i. Ojú ọ̀gá mi funfun ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ wa.

Ọ̀gá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa di ẹ̀bi náà rù, ó sì rí i kíá. Màmá kan wà tó ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, ará El Salvador, tó ń gbé ní Langley Park. Omi ọṣẹ ti jẹ àtẹ́lẹwọ́ màmá náà débi pé ó ń sán, torí náà wọ́n máa ń fi ìpara pa á nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé. Ọ̀gá mi rí ike ìpara náà nínú kẹ̀kẹ́ ìfọlẹ̀ wọn, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó rí i pé òróró ewéko wà níbẹ̀. Ó tán. Ó ní òun ti mú un, pé lọ́jọ́ Ẹtì, òun á ní kí màmá náà má wá mọ́. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo wà níwájú rẹ̀, mo gbé bírò dání, mo sì dákẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: mo dákẹ́.

Nígbà tí mo délé, oúnjẹ kò wọlé fún mi. Bíìgì Mọ́mì wò mí títí, wọ́n ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Mo rò pé wọ́n á fọwọ́ lérí, àfi bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀rọ rí i? Òróró tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ? Halelúyà! Mo ti sọ fún yín nínú ilé yìí pé agbára wà nínú ẹ̀!"

"Bíìgì Mọ́mì, wọ́n fẹ́ tìtorí ẹ̀ lé ẹlòmíràn níṣẹ́."

Mo wá sọ ti màmá náà fún wọn, àtẹ́lẹwọ́ tó sán, ike ìpara, gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́ dúró lófúrufú. Wọ́n jókòó. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọdún méjì gbáko ni Bíìgì Mọ́mì fi nu ilẹ̀ ọsibítù kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì níbí, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní òróró àwọn kò níí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń nulẹ̀, láé. Wọ́n ní a jọ máa lọ bẹ̀bẹ̀ ni.

Ẹ̀rù bà mí ju ti ẹ̀rọ lọ. Mo ṣàlàyé títí pé wọn kì í mú àgbà lọ síbi iṣẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pé lẹ́tà ni wọ́n ń kọ, pé wọ́n máa wò wá bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Kí wọ́n máa wò," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti máa sọ fún mi pé mi ò kí ń ṣe àgbà mọ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn ni Bíìgì Mọ́mì ti wá tààrà, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò lè wọ ṣòkòtò lọ bẹ̀bẹ̀, torí náà wọ́n ró ìró àǹkárá lé e lórí nínú páàkì mọ́tò, wọ́n sì wé gèlè. Bí ọ̀gá mi ṣe jáde sí gbọ̀ngàn àbáwọlé báyìí, Bíìgì Mọ́mì ti wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n sì fa apá mi, èmi náà balẹ̀. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn kò bá ọmọ òyìnbó pàdé. Ọ̀gá mi fi ẹ̀yìn rìn títí tó fi kan ògiri. Ó ń bẹ̀ wá pé ká jọ̀ọ́ ká dìde, ó ń wo fóònù bí ẹni tí kò mọ ẹni tí òun máa pè, ọlọ́pàá ni àbí pásítọ̀.

"Ọmọ mi ló ṣe é," Bíìgì Mọ́mì sọ fún un lédè gẹ̀ẹ́sì, ohùn wọn ró dé ilẹ̀kùn. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni òróró. Èmi ni mo fún un. Bó bá jẹ́ ìbáwí ni, ẹ bá mi wí. Màmá tó ń nulẹ̀ kò mọ nǹkan kan níbẹ̀."

Ìgbà yẹn ni bàbá ará Japan yọ láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n wo Bíìgì Mọ́mì, wọ́n wo èmi, wọn kò béèrè ìdí tí a fi wà nílẹ̀. Wọ́n kàn dúró níwájú Bíìgì Mọ́mì, wọ́n tẹ̀ ba láti ìbàdí, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé orí sókè. Nígbà tó yá, wọ́n sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní ilé àwọn. Bí ọmọdé bá ṣàṣìṣe níbi iṣẹ́, àgbà rẹ̀ á bá a lọ tọrọ àforíjì. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn ti mú àwọn lọ rí nígbà tí àwọn ṣì kéré, pé ojú náà ṣì ń ti àwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n bá wa sọ nínú gbọ̀ngàn náà: ṣé ìgò ọ̀hún wà?

Ó wà. Wọ́n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, a jókòó, a ń retí. Nígbà tí bàbá padà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Òróró inú ìgò àti èyí tó wà lórí àwo bá ara wọn mu. A ti mọ̀ ọ́n, a lè nù ún, eruku ò ní padà sílé. Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀. Bàbá wá tẹ́ bébà tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde síwájú Bíìgì Mọ́mì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní ohun kékeré kan kù tí àwọn kò mọ bí àwọn ṣe máa sọ ọ́. Òróró yìí kì í ṣe ti ólífì. Ti ẹ̀wà sóyà ni.

"Sóyà kẹ̀?" Bíìgì Mọ́mì ní. "Tí wọ́n fi ń dín dòdò?"

Bàbá tẹrí ba. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti gbóòórùn ohun tó ti wà kí ayé tó wà, kò lè má mọ òróró dòdò. Bíìgì Mọ́mì dìde, wọ́n tún ìró wọn ró gírígírí, wọ́n dágbére fún gbogbo ènìyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A kò tíì dé ìdí mọ́tò tí wọ́n ti pe arábìnrin Jerúsálẹ́mù lórí fóònù. "Ọdún mẹ́fà!" ni wọ́n ń pariwo láàárín páàkì. "Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi òróró dòdò bá Sátánì jà!"

Èmi kò bá wọn lọ, mo padà wọlé láti lọ gbọ́ tèmi. Ọ̀gá mi ní òun mọyì òtítọ́ mi, ó sì ní kí n kó ẹrù mi. Mi ò lè sọ pé ó ṣe àṣejù. Ẹni tó bá fi òróró sínú yàrá tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí òróró má wọbẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n fi ṣe? Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe fún mi: kó má ṣe jẹ́ kí màmá tó ń nulẹ̀ gbọ́ láé pé a ti fẹ́ dì í rù wọ́n. Ó gbà. Ọ̀sán ni màmá náà máa ń wọṣẹ́, mo ti lọ kí wọ́n tó dé. Mo sunkún nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹkún gidi, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, mo sì ti ń ka ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí àpótí náà.

Ọmọ ilé ìwé girama ni mo ń kọ́ ní kẹ́mísírì báyìí, ní agbègbè yìí kan náà. Nígbà míràn tí mo bá ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fọ ọwọ́, mo máa ń rántí ọmọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà, tó rò pé òun ti kàwé kọjá ẹ̀rù, tó jẹ́ pé ẹ̀rù náà ló fi ìwé wé mọ́ra. Mi ò bínú sí i mọ́. Mo ka ìwé tí bàbá ará Japan kọ nípa iṣẹ́ náà nígbà tó jáde. Nínú àwọn ohun tí wọ́n rí nínú yàrá tí kò bá òkúta wá, wọ́n kọ òróró sóyà síbẹ̀, wọn kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ ni mo pàdé màmá ará El Salvador nínú sítóò kan ní Langley Park, níbi tí wọ́n ti ń ṣa tòmátò. Ojú tí wọ́n fi wò mí kì í ṣe ojú rere. Wọ́n ní irú ìwà wo nìyẹn, pé èèyàn á kàn dìde lọ́jọ́ kan, kò ní dágbére, ẹni tí àwọn mú bí ọmọ. Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní àwọn ń bínú o. Wọ́n wá sọ fún mi pé kí bàbá ará Japan tó lọ, wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, títí kan ẹni tó ń nulẹ̀, wọ́n ní kí olúkúlùkù wá fi awò wo eruku náà. Gbogbo èèyàn ló wò ó. Èmi nìkan ni kò sí níbẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí?" mo bi wọ́n.

Wọ́n yí tòmátò kan lọ́wọ́. "Dúdú ni. Dúdú, ó wá ń tàn díẹ̀ lápá kan. Mo ti nu èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò lójú fèrèsé." Wọ́n mi orí. "Ká ní o ò sá níṣẹ́ ni, ìwọ náà ìbá rí i."

"Òótọ́ ni, Mà," mo ní. Ó dùn mí wọra pé mi ò rí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ lọ́sàn-án yẹn, wọ́n sì ní àwọn kò gbọdọ̀ pẹ́. Mo gba báàgì tòmátò lọ́wọ́ wọn, mo sì sìn wọ́n dé ibùdó bọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe ń bá mi wí lọ.